Ìwé Tí Mo Fi Wé Ẹ̀pà fún Àǹtí Rísí

Ọdún tí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ni gbogbo ìlú tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni wá wo ìran. Èmi náà wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, àtẹ ẹ̀pà lórí mi, ẹ̀pà ọ̀hún ṣì ń gbóná débi pé mo ń gbọ́ ọ gba inú òṣùká wọ àárín orí mi. Èmi ò wá wo ìran ní tèmi o. Ẹ̀pà ni mo wá tà. Ẹ̀gbẹ́ tí mo máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀ ni mo lọ dúró sí, àfi bí gbogbo oníbàárà mi ṣe ń kọjá lódìkejì, tí wọ́n ń nawọ́ sí ọmọ ẹlẹ́pà mìíràn. Mo gbé àtẹ kíkún padà délé. Ìyá mi wo àtẹ, ó wò mí, ó ní, "Àṣàkẹ́, ọkọ̀ ti yí, ìwọ ò yí."

Gbólóhùn yẹn di tiwa nínú ilé. Bí ẹnì kan bá jí ní Sátidé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, bí ẹnì kan bá lọ bu omi nínú ìkòkò tí wọ́n ti gbé kúrò, ìyá mi á ní, "Ọkọ̀ ti yí."

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé báyìí ni Fáríídà, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. SS kejì ló wà. Tíṣà físíìsì wọn ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dábàá ìwé kan tí àwọn ọmọ kíláàsì lè máa kà fún ìgbádùn, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ṣèdánwò. Bàbá rẹ̀ ní òun á wò ó lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ní òun á béèrè lọ́fíìsì ní Agodi. Mo ní èmi náà ní ìwé kan tí mo lè dábàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní in lóòótọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni n kò ní, nítorí èmi yìí náà ni mo ya páálí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, mo fi tẹ́ ìdí àtẹ.

Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá nígbà náà. Bẹyẹrúnkà ni ilé wa wà, òórùn ẹ̀pà ìyá mi ló sì ń jí àdúgbò. Ìyá mi kì í yan ẹ̀pà lásán. Yanrìn odò tí a ti fọ̀, tí a ti jọ̀, ló ń dà sínú agbada, yanrìn tó ti pẹ́ lórí iná títí tó fi dúdú bí ẹ̀tù. Yanrìn yẹn á kọ́kọ́ gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà ni ẹ̀pà tí a ti fi omi iyọ̀ rẹ á wọ inú rẹ̀, orógùn ò sì gbọdọ̀ dúró. Bí òórùn náà bá ti ń jáde, àwọn tó kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa á máa ṣàwàdà pé ìyá ẹlẹ́pà ni kò jẹ́ kí àwọn pẹ́ lórí àdúà.

Ìwé la fi ń wé e. Ọkùnrin kan wà ní Ọjà'ba tó ń kó ògbólógbòó ìwé àti ìwé ìròyìn jọ, á gbé e lé òṣùwọ̀n, ìyá mi á rà á bí ẹni ra iṣu. Bó bá délé, ohun àkọ́kọ́ ni pé ìyá mi á tú u wò lẹ́yọ lẹ́yọ, á yọ gbogbo èyí tó bá ní lẹ́tà kéwú lára, á gbé e fún Alùfáà ilé kéwú. Ìyókù, ti ẹ̀pà ni. Iṣẹ́ mi ni kí n ya ìwé náà, kí n ká a bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kí n tẹ ìdí rẹ̀ pa, kí n da agolo mílíìkì ẹ̀pà kan sí i. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ìwé kò gbọdọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ láìsí ẹ̀pà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì ló fa òfin yẹn, wọ́n ń jí i ṣe ọkọ̀ òfurufú.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wọ̀nyẹn ló ń lọ sílé-ìwé. Èmi, ilé kéwú ni mo lọ, ìyẹn náà kò ju ọdún méjì lọ kí àtẹ ẹ̀pà tó gbà mí kúrò níbẹ̀. N kò fi ṣàròyé o. Ibi tí ọwọ́ ìyá mi mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ilé kéwú yẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ọmọ télọ̀ tó gba yàrá méjì iwájú ilé wa ni Àǹtí Rísí. Ó wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin nílé-ìwé girama. Nígbà tó wà ní kékeré, ó jábọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ dá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ya fọ́tò egungun rẹ̀. Ẹ gbọ́, ọmọ mìíràn á máa sunkún. Òun ń bi wọ́n pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe rí inú ẹran. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ pé ìdí ẹ̀rọ yẹn lòun máa ti jẹun. Wọ́n sì sọ fún un pé láìsí físíìsì, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó súnmọ́ ẹ̀rọ náà.

Físíìsì wá lóun ò gbà. Táàmù méjì léra ló fi fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe òṣìkà ènìyàn, ó kàn rò pé ọmọ náà ń fi ìgbà ṣòfò ni. Ó ní, "Rísí, táàmù kan ló kù. Bó o bá tún já bọ́, ó tó gẹ́ẹ́, wàá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó lọ gba àpótí ìjókòó tuntun lọ́wọ́ káfíńtà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ọ̀nà ilé-ìwé Àǹtí Rísí sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lójoojúmọ́ ló ń rí àpótí náà tó ń dúró dè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ́. Ó ku díẹ̀ kó tán ni mo rí i tí ẹnu rẹ̀ dúró. Ó da ìyókù ẹ̀pà sí àpò yúnífọ́ọ̀mù, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan.

"Àṣàkẹ́! Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Inú apẹ̀rẹ̀ ni, Àǹtí."

"O mọ ohun tó wà lára rẹ̀?"

"Epo ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Ó ní ìwé náà ń sọ pé bí ọkọ̀ bá ṣẹ́rí lójijì sí ọ̀tún, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ wó sí òsì, kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ara wọn ló ṣì ń bá ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ nìkan ló yà. Mo ronú sí i. Mo ní, "Àǹtí, ìyá mi ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ọkọ̀ ti yí, ìwọ ò yí."

Ó wò mí bí ẹni tí mo fi omi tútù wọ́n. Ó ní ìwé tí tíṣà àwọn ń lò náà sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ńṣe ló sọ ọ́ bí ọlọ́pàá. Èyí sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. Ló bá dìde, ó lọ bá ìyá mi nídìí agbada.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìyókù ìwé tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Ẹ̀pà ni mò ń tà, Rísí. Èmi kì í ṣe tíṣà."

"Màá fi ìwé ìròyìn pààrọ̀ rẹ̀."

"Epo máa ń gba inú ìwé ìròyìn jáde. Èyí tó ki yẹn gan-an ni mo fẹ́. Tí mo bá fún ọ lónìí, lọ́la àwọn ọmọkùnrin mi á ní ọkọ̀ òfurufú tiwọn ńkọ́. Ra ẹ̀pà, wàá gba ìwé."

Bó ṣe di pé Àǹtí Rísí ń jẹ ẹ̀pà lójoojúmọ́ nìyẹn, títí tí irorẹ́ fi sú rùgùdù lójú rẹ̀. Èmi náà dá ọgbọ́n tèmi. Mo yọ ìwé náà sọ́tọ̀, mo fi í sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni mìíràn ò ní jẹ ẹ̀pà nínú rẹ̀. N kò sì fẹ́ fún un ní ìdàkudà. Mo fẹ́ kó kà á létòlétò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìwé náà síwájú mi, mo ṣí iwájú rẹ̀, mo sì ń ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, nígbà mìíràn méjì. Inú mi ń dùn pé mò ń ṣe ohun tó tọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ojú Àǹtí Rísí fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ti ẹni tí wọ́n ń pa àlọ́ fún láti ìdí. Ó ní ìwé náà yà òun lẹ́nu. Ìdáhùn ló ń bẹ níbẹ̀ ṣáá, kò síbèérè. Ojú ewé kan á bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Ìdí nìyí tó fi rí bẹ́ẹ̀." Kí ló rí bẹ́ẹ̀? Ó di ọ̀la. Àwa wá sọ ọ́ di eré. Bó bá ti ka ìdáhùn tán, á pa ìwé dé, àwa méjèèjì á jókòó sẹ́bàá agbada, a ó máa wá ohun tí wọ́n bi ẹni náà.

Lọ́jọ́ kan, ìwé náà ní ó fara kàn án yí ká ni, ìdí nìyẹn tí ibì kan kò fi gbóná ju ibì kan lọ. Àǹtí Rísí ronú, ó kán ìka, ó na ẹsẹ̀. "Kí ni wọ́n bi í ná?"

Ìyá mi tó ń ro ẹ̀pà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n bi í pé kí ló dé tí ẹ̀pà ìyá Àṣàkẹ́ kì í jó."

Nígbà tí ìbéèrè náà dé lọ́jọ́ kejì, ẹyin tí wọ́n ń sè nínú omi ni wọ́n fi bi í. Ṣùgbọ́n Àǹtí Rísí ní ọ̀kan náà ni, ti ìyá mi ò yẹ̀. Ó tọrọ orógùn, ó ro yanrìn fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan etí agbada, ó yọwọ́ kíá, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá mi bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ti kígbe láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Rísí, kí ni ìdáhùn òní?"

Ọjọ́ kan ló wá bá mi níbi tí mo ti ń ya ewé. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. "Àṣàkẹ́, kí ló dé tó o fi ń ya á láti ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Iwájú rẹ̀ nìyí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Alùfáà."

Mo sì fi hàn án. Mo gbé ìwé náà lélẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéwú, mo ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ti òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí Rísí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ìyá mi gbọ́, ó ní, "Wọ́n yí ọkọ̀, wọ́n gbàgbé àti yí ìwé." Ojú tì mí. Mo ní kó jẹ́ kí n máa ya á láti ibi tó yẹ. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má dán an wò. Gbogbo èyí tí mo kà láti iwájú rí, mo ti gbàgbé. Èyí tí mo fúnra mi wá ìbéèrè rẹ̀, kò kúrò lórí mi."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣèdánwò ni ìjàngbọ̀n dé. Wọ́n rán mi lọ sí Pópó Yemọja. Ìpàdé ńlá kan wà ní Mápó lọ́jọ́ náà, èrò ya bo ìyá mi, ìwé tán nínú apẹ̀rẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sókè, ó rí ìwé kan lábẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi wé ẹ̀pà fún wọn. Nígbà tí mo dé, òwú tí wọ́n fi rán ìwé náà nìkan ló kù nílẹ̀.

Mo tọ́ka sí i. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. "Ti Rísí ni?" Mo sọkún. Kò bá mi wí pé mo fi nǹkan pamọ́ fún òun. Ó bu ẹ̀pà kún àtẹ, ó kó ewé iran lé e lórí, ó ní, "Máa lọ. Ẹni tó bá fún ọ ní ìwé, fi ewé wé ẹ̀pà fún un. Má gba kọ́bọ̀." Òfin tó ti wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú wó lulẹ̀ lójú mi.

Mo sáré gun òkè Mápó. Ọ̀kan ti fi tirẹ̀ nu ọwọ́. Awakọ̀ kan ti ki tirẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì fèrèsé kó má baà máa mì, ó ní bí òun bá yọ ọ́, ṣé èmi ni màá wá di gíláàsì mú dé Mọ́níyà? Mo rí méjì lórí àtẹ̀gùn, mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó jókòó síbòòji. Ìyókù ti lọ.

Èyí tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà'ba. Ó ti ṣẹ́ ẹ po sábẹ́ itan. Ó ní, "Kí ló wà nínú ìwé tó o fi ń làágùn báyìí?"

Mo ní, "Màmá, n kò tíì mọ tòní. Tàná ni mo mọ̀."

"Sọ tàná."

Mo gbé àtẹ kalẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní òṣùpá ń jábọ́ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó tún ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó ṣe ń jábọ́ náà ló ń tàsé wa, ìdí nìyẹn tó fi ń yí wa po. Mo fi okùn so ẹ̀pà eléèpo kan, mo fì í yípo orí mi kó lè rí i. Ìyá náà fi àdìrẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbójú sókè wo ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó ní, "Ìwọ, ilé-ìwé wo lò ń lọ?" Mo ní n kò lọ. Ó fún mi ní ìwé náà, kò gba ẹ̀pà. "Wá sọ tòní fún mi lọ́la."

Ewé mẹ́fà ni mo gbé délé. Àǹtí Rísí tò wọ́n sórí ẹní, ó wò wọ́n, n kò mọ̀ bóyá ó máa sunkún. Ó ní, "Ó dáa, ìyókù, màá máa fúnra mi wá a." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, a kò rí i kó jókòó. Ó ń bi wá léèrè ṣáá: kí ló dé tí omi inú àmù fi ń tutù, kí ló dé tí ọwọ́ áyọ̀ọ̀nù bàbá òun fi jẹ́ igi. Ìyá mi ní ẹ̀pà òun fẹ́ jó nítorí ìbéèrè.

Kì í ṣe pé ó gba ipò kìíní o. Ó yege. Bàbá rẹ̀ wo káàdì èsì ìdánwò náà títí, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a rí i tó ń ti Bẹẹrẹ bọ̀, àpótí ìjókòó náà lórí èjìká rẹ̀. Kò gbé e wọ yàrá tirẹ̀. Iwájú agbada ló gbé e kalẹ̀ sí. Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́pà, ẹni tí mo ní kí wọ́n kan èyí fún kò lè jókòó lé e mọ́. Ẹ fún ọmọ yín tó ń tàwé." Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń sọ èyí fún Fáríídà. A ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Àǹtí Rísí náà dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó débẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun orúnkún mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó ní ẹ̀pà ló wà níbẹ̀.

Ó dá Àṣàkẹ́ ìgbà yẹn lójú pé òun mọ iwájú ìwé. Èmi àgbà yìí, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò tíì lè ka ewé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ló gba ọwọ́ mi lọ sílé-ìwé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sẹ́ni tó gbé àtẹ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Mo sì mọ ìdí tí òṣùpá kò fi já lù wá.

Nítorí náà, kí Fáríídà sọ fún tíṣà rẹ̀ pé ìwé tí mo dábàá nìyí: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀, láti ìdí àmù, láti ẹ̀bá iná, kó tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìràwọ̀. Kí ìwé náà sọ ti àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ ṣì í kí wọ́n tó gbà á, nítorí ọmọ tó ti gba òdo lẹ́ẹ̀mejì nílò irú wọn. Kó má sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀ nílé ìtàwé. Ẹ má wo páálí iwájú rẹ̀, tèmi ò ní páálí.

Bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n kò le. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, tí wọ́n gbé ìwé tuntun lé mi lẹ́sẹ̀ pé àwọn rí èyí tó dùn. Mo máa ń ní, "Pa á dé. Má wo inú rẹ̀. Kí ni ìdáhùn òní? Sọ ọ́ fún mi. Bí èmi tí n kò kàwé bá lè wá ìbéèrè rẹ̀ rí, ìwé náà dára, máa kà á lọ. Bí n kò bá rí i, gbé e wá ká fi wé ẹ̀pà."